Níbi Tí Mọ́tò Pupa Bàbá Ṣówándé Sùn Sí

Ó ti rẹ̀ mí kí Bàbá Ṣówándé tó ránṣẹ́ pè mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí àwọn ènìyàn rò pé kì í rẹ panẹ́bítà, bí ẹni pé irin la fi ṣe àwa náà. Èjìká ọ̀tún mi kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ariwo òòlù ti gbé etí mi òsì lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti pinnu pé n óò gbé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú fún ẹlòmíràn, n óò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi.

Mo bá Bàbá ní fàráńdà rẹ̀, ó wọ awò dúdú.

"Kàmọ́rù, o rántí mọ́tò mi?"

"Èwo nínú wọn, Bàbá?"

"Ìwọ náà ń bi mí ní èwo!"

Lóòótọ́, kò yẹ kí n béèrè. Mọ́tò sípọ́ọ̀tì ni, pupa fòò, onílẹ̀kùn méjì, tí wọ́n máa ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹní. Òun ni Bàbá fi lọ gbé ìyàwó rẹ̀ ní Èbúté Ìkòròdú nígbà tí ìyẹn kọ́kọ́ wá mọ ilé. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ìyàwó bi í léèrè pé èwo nínú àwọn ọmọ ni yóò so mọ́ bọ́ńpà. Báyìí ni Bàbá ṣe tà á fún ọkùnrin kan ní Ẹ̀pẹ́.

Ìyàwó ti di olóògbé báyìí.

"Ojú mi ń lọ," Bàbá ní. "Dókítà sọ pé ìwọ̀nba tó kù ò ní pẹ́ tán. Mo fẹ́ rí mọ́tò yẹn kó tó tán. Bá mi wá a. Kò dìgbà tó bá ń rìn."

"Bàbá, mọ́tò àtijọ́ yẹn..."

"Bá mi wá a ni mo wí."

N kò lè kọ̀ fún un, nítorí mọ́tò yẹn ló sọ mí di panẹ́bítà. Ọmọṣẹ́ ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làsísì. Igi àgbọn kan wó lu bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà, ó rún un wómúwómú, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo ọjà tí a wá a dé. Ọ̀gá mi bá la àgbá epo kan, ó tẹ́ irin rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n lù ú. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a óò fi dólì, ìyẹn irin kékeré tó wúwo, ti irin lábẹ́, òòlù yóò máa lù ú lókè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé agbára ni. Etí ni. Bí irin bá ti ń dún gbọ̀lọ̀, ó ti na jù, kí o fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mo lù ú títí ó fi yọ ìlà tó gba àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá, bíi ti òyìnbó gan-an. Ọ̀gá mi yí i po, kò sọ nǹkan kan, ó lọ jẹun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ti yìn mí nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ra mọ́tò náà ti kú. Àwọn ará àdúgbò ní mọ́tò pupa kan wà tí wọ́n fi ń gbé ọkọ-ìyàwó tuntun, mo bá gun ọ̀kadà lọ. Láti òkèèrè ni mo ti rí i pé kì í ṣe òun. Mo ṣáà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀yìn mi lè sinmi.

Ọmọ ẹni tó ra mọ́tò náà ló wá darí mi sí Agbowa, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Fàtáì.

"Há, Bàbá, ẹ pẹ́ o," Fàtáì wí. "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fa yanrìn. Ara ẹ̀ jẹrà, àwọn kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra irin àlòkù kó o. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nìkan ni ò jẹrà. Irin ẹ̀ ki gan-an! Obìnrin Ìlàjẹ kan ló gbé e lọ, ó fẹ́ fi bo ẹja."

Mo jókòó lé táyà kan. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ohun tí Bàbá ń wá ti lọ pátápátá, ohun tí kò wá, iṣẹ́ ọwọ́ mi, ló kù.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí abúlé obìnrin náà, létí ọ̀sà, bí Fàtáì ṣe júwe rẹ̀. Ìyá Ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo bá a nínú èéfín, ó ń yan ẹja. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ló dé ààrò rẹ̀ lórí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ìlà àárín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó gbóná!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo lù ú."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ wò ó," ó ní, "gbogbo páànù tí mo ti lò, ẹja á jó lápá kan, á tutù lápá kan. Èyí nìkan ni èéfín ń yí po lábẹ́ ẹ̀. Òun ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ wá fẹ́ gbé e lọ, kí bàbá kan lè wò ó?"

Mo bínú sí Bàbá Ṣówándé, mo bínú sí ara mi. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, mo rí àgbá òfìfo kan lẹ́bàá ilé rẹ̀.

"Bí mo bá lu òmíràn fún ẹ ńkọ́?"

"Ṣé á dà bí èyí?"

"N ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ ò ṣáà parọ́."

Mo padà lọ kó òòlù àti dólì mi wá. Iṣẹ́ tí ìbá ti yá lọ́wọ́ mi nígbà èwe wá di ohun tí mo ń ṣe tí mo ń kérora. Lálaalẹ́ ni Ìyá Ayọ̀ ń bá mi fi òrí ra èjìká. Etí ọ̀tún tó ṣẹ́kù ni mo fi ń gbọ́ irin, mo ń dẹ orí sí i bí adìyẹ. Nígbà tí mo parí, Ìyá Ayọ̀ dáná sábẹ́ rẹ̀, ó yan ẹja, ó bu ọ̀kan jẹ. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ẹ gbé ti bàbá yín lọ," ó ní.

Kí n tó dé Ìkòròdú, ojú Bàbá ti burú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. N kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Mo ní mọ́tò ti lọ, pé èyí tí mo gbé wá kò sí lára ohun tó rà lọ́wọ́ òyìnbó. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó wá ìlà àárín rẹ̀ kàn, ó tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó ń rùn bí ẹja."

"Ẹja ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. "Èyí ló wà níwájú wa nígbà tí mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó ń kọrin sí mi létí," ó ní. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ni obìnrin yẹn wá fi ń bo ẹja rẹ̀ báyìí?"

"Mo lu òmíràn fún un, sà."

"Ó dà bí èyí?"

"Kò tó o. Ṣùgbọ́n ó ń yan ẹja."

"Gbé tèmi síbi tí ọwọ́ mi á ti máa kàn án."

Mo gbé e ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo sì lọ sílé. N kò tún gbé òòlù láti ìgbà náà. Ká ní Ọ̀gá Làsísì wà láyé, mo rò pé yóò wọkọ̀ lọ sí etí ọ̀sà yẹn, yóò yí èyí tí mo lù gbẹ̀yìn po, kò ní sọ nǹkan kan, yóò sì jókòó jẹ ẹja.