Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Wá Ọrùn Ọ̀kẹ́rẹ́ Tì

Ọjọ́ tí Bọ̀dá Búráímọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gbé ìbọn òyìnbó wọ oko wa ní Ìlobù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń hú àgbàdo wa jẹ. Ṣakabùlà bàbá àgbà máa ń dá wọn lulẹ̀ láàyè, èmi a sì sáré gbé ọ̀bẹ fún ìyá àgbà, nítorí ẹran tí a kò dú kì í wọ ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ráífù tí ọ̀gá Bọ̀dá fi ń pa ẹfọ̀n ni Bọ̀dá yá wá.

"Ìyá, ẹ gbé ìkòkò kaná!" Bọ̀dá ké sí ìyá àgbà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó sórí kùkùté. Bọ̀dá yìnbọn. Gbòlà! Ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ìfọ́n. Ìbọn náà ti Bọ̀dá sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sílẹ̀. Ìrù nìkan ló kù lórí kùkùté.

Ìyá àgbà gba ọ̀bẹ, ó yí kùkùté po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Búráímọ̀, ọrùn rẹ̀ dà?"

Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọta ló tóbi jù ú lọ."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ni ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn bá yọ. Bọ̀dá nawọ́ sí ìbọn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́.

"Èyí ṣì lọ́rùn. Sáré lé e!"

Ó sì sáré lé e yí oko ká.

Ọbẹ̀ ilá lásán la jẹ. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọ̀kẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.