Ìdúpẹ́ Orí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bùnmi

Ọpẹ́ kì í pẹ́ lẹ́nu Comfort, ìyàwó tíṣà ní Àrámọkọ. Bí òjò bá ṣú lásán, á ti máa kọrin. Nítorí náà, nígbà tí Bùnmi, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní Ìpótì, ti Ìbàdàn dé lọ́dún 1965 lẹ́yìn oṣù kan ní ọsibítù, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí rogodo, ta ni yóò dá a dúró?

"Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́!" Àjíkẹ́ ará ilé kejì figbe ta. "Ṣebí ẹ ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni? Àrùn wo ló ń sanra báyìí?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Comfort gbé àkùkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó dé iwájú pẹpẹ. Bùnmi jókòó lẹ́yìn, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ tó ń sun láti èrìgì rẹ̀. Comfort rí i. Ó yíjú, ó ń jó lọ.

Wọ́n padà sí Ìbàdàn. Dókítà gún egungun ìbàdí Bùnmi, ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀ wò. Ó ní oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un kò ká àrùn náà.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Oògùn yẹn ló wú u, Màmá. Kì í ṣe ìlera."

Comfort wolẹ̀. "Àkùkọ mi ti lọ nìyẹn."

Dókítà ní oògùn mìíràn wà, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irun yóò re, èébì yóò wà, ibà lásán sì lè gbé e lọ. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bóyá méjì ló máa ń rí ìtura, fún oṣù díẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kó máa lọ sílé, títí... Dókítà kò parí ẹ̀.

"A ó gba oògùn náà," ni Comfort sọ kíá.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi bì í?"

Bùnmi di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa gbà á. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ulé ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ. Ẹ má sì dúpẹ́ kankan kí wọ́n tó tún gún egungun mi."

Comfort fúnra rẹ̀ ló fá irun Bùnmi kó tó re. Nígbà tí wọ́n tún gún egungun, Comfort wo ojú dókítà; kò tíì lanu tí Comfort ti ń di ẹrù ilé.

Ní Àrámọkọ, Àjíkẹ́ sáré jáde, ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn wọnú. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí wa káàbọ̀," ni Comfort wí. "Ìyẹn náà tó."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Comfort kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Màmá, ẹ lọ."

"Kí n lọ dúpẹ́ kí ni?"

"Pé mo délé."

Comfort dìde. Ó wá bàtà rẹ̀.