Bọ́tìnì Mẹ́fà Ara Kóòtù Yóhàn

Ẹ jẹ́ n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo jowú Múbárákì. Abẹ́ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Moshie Zongo, ní Kumasi níbí. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Lónìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ní Santasi, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára. Èmi rèé ní Asafo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, tí mo ń gbọn eruku ọkọ̀ èrò trotro kúrò lára aṣọ oníbàárà. Bí ẹnì kan bá ní, "Múbárákì ló rán èyí o," màá kọ́kọ́ yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní ọmọ dáadáa ni.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan, Máàmé Lísì, gbé ògbólógbòó kóòtù kan wá. Ọmọ Kumasi ni, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òyìnbó Jámánì ni baba ńlá òun. Yóhàn lórúkọ baba náà. Káfíńtà ni, ó wá ṣiṣẹ́ síbí, ó fẹ́ obìnrin Asante, kò sì padà sílé mọ́. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ ẹgbẹ́ ológun àwọn olùyọ̀ǹda ara, àwọn tó ń bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tó wá di Sátidé kí wọ́n tó gbé ìbọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì gbéná wojú ara wọn, wọ́n ní amí ni Yóhàn. Wọ́n mú un dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ gé bọ́tìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ara kóòtù rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tó jáde, ó ní ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ fi bọ́tìnì sí i, àfi kí àwọn tó gé e fọwọ́ ara wọn dá a padà. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń rántí rẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ilé á wọ kóòtù náà ní ṣíṣí sílẹ̀ láyà.

Aṣọ inú rẹ̀, tí àwa télọ̀ ń pè ní láínìn, ló ti ya. Mo yí i sódì bá a ṣe máa ń ṣe. Òwú tó bá já fúnra rẹ̀ máa ń hu irun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn òwú tó kù níbi bọ́tìnì tẹ́jú, ọ̀bẹ ló gé wọn lóòótọ́. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí aṣọ ọdún ti kún ọwọ́ mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìrántí baba náà pé. Ó gbé kóòtù rẹ̀, ó sì ní kí dẹ́rẹ́bà òun gbé e lọ sí Santasi.

Ilé ẹlòmíì ò wù ú, àfi ti Múbárákì!

Ní ọjọ́ kejì, Múbárákì pè mí. Dẹ́rẹ́bà kò sọ nǹkan kan fún un ju pé kó pààrọ̀ láínìn. Ó ní gbogbo bọ́tìnì ara kóòtù kan ti bọ́ dànù, òun fẹ́ fi tuntun sí i kí inú oníkóòtù lè dùn, níbo lòun ti lè rí bọ́tìnì onídẹ? Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo júwe ìsọ̀ kan fún un ní Asafo. Mo tiẹ̀ ní kó ra èyí tó ní àmì adé ọba Gẹ̀ẹ́sì lára.

Máàmé Lísì pe èmi àti Múbárákì síbi ìrántí náà. Ìran ni mo lọ wò, wallahi. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe gbé kóòtù náà dé ni àkọ́bí ọkùnrin ilé wọ̀ ọ́ jáde, bọ́tìnì ń dán, ó dé e dé ọrùn. Nana, ìyá Máàmé Lísì, ní kó súnmọ́ òun. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ta ló bá wa dárí ji àwọn tó gé e?" ló béèrè.

Múbárákì lọ kúnlẹ̀. "Èmi ni, Nana. Mi ò béèrè kí n tó ṣe é."

Ó béèrè. Ọwọ́ mi ló ti béèrè. Ó wojú mi lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ pé ó ti yé e, ó sì gbójú kúrò. Kò dárúkọ mi.

Mo ti jowú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ti jowú ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ta mí bí ìwà tó hù lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì fi èdè Twi sọ ọ́ fún Nana lójú gbogbo wọn pé èmi ni mo mọ èèwọ̀ náà, èmi ni mo júwe ìsọ̀. Nana ní òun fẹ́ àlùmọ́gàjí. Mo yọ tèmi nínú báàgì. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gbé e fún Múbárákì, ìyẹn ló sì gé àwọn bọ́tìnì náà kúrò.

Máàmé Lísì kò gbéṣẹ́ wá bá mi mọ́. Ṣùgbọ́n Múbárákì ṣì ń pè mí bí iṣẹ́ bá rú u lójú, ó ṣì ń pè mí ní Àǹtí Ràbí. Màá ṣàlàyé tán, yóò wá fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, "Àǹtí, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

Màá ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ sì ni báyìí. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.