Ẹrù Tí Mo Kọ̀ Láti Tú

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí a kó dé abúlé náà, lẹ́yìn Lálúpọn, ní Lágelú. Lónìí, inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn. Lọ́jọ́ náà, imú ni mo dì. Ọkọ mi ti ṣe akọ̀wé fún ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Ó jókòó sílé bí ọdún kan, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ katikíìsì, ni ìjọ bá kọ̀wé pé kó lọ máa bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju ogún lọ. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ajíbọ́dẹ nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a máa tò sẹ́nu ọ̀nà mi, nítorí kò sí télọ̀ tí kọ́là rẹ̀ ń dúró bíi tèmi ládùúgbò yẹn. Mi ò purọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń yangàn, ohun tó sì ń já mi láyà ni pé yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú oko. Ta ni yóò wá rán gáùn lábẹ́ igi kòkó?

Ìyá ọkọ mi, ọmọ ìjọ Kérúbù, kàn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ráhùn fún wọn. Wọ́n ní kò sí ibi tí a kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn jura wọn lọ. Ọkọ mi ní òun kò mọ ìdí tí Ọlọ́run fi mú wa gba ibẹ̀, àmọ́ òun mọ Ẹni tó ń mú wa lọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ yẹn tún bí mi nínú ju ìrìnàjò náà lọ.

Nígbà tí a dé, mo tú ìkòkò, mo tú aṣọ àwọn ọmọ. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi àti àpótí òwú, mi ò tú wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú okùn bí mo ṣe dì wọ́n wá, mo tì wọ́n sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, mo da aṣọ bò wọ́n. Mo sọ fún Ọlọ́run pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, lẹ́tà mìíràn yóò dé tí yóò dá wa padà sígboro, ẹrù dídì yẹn sì ni àmì ìgbàgbọ́ mi. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń gbààwẹ̀ sí i. Àní mo gbé Bíbélì lé e lórí. Oṣù mẹ́ta pé, oṣù mẹ́fà pé, lẹ́tà ò dé. Ọkọ mi a kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà kọjá. Ó mọ̀ mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan ni ìyá ìjọ wá bá mi. Àgbàlagbà ni wọ́n, oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ wọn obìnrin tí kò ní ìyá mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ lórí, ọmọ náà sì wà nínú wọn. Télọ̀ tí wọ́n gbé aṣọ funfun rẹ̀ fún nígboro ti rán an há, kò gba ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n má bínú, máṣíìnì mi wà nínú okùn, a ò ní pẹ́ kó lọ. Wọ́n bi mí bóyá lẹ́tà ti dé. Mo ní kò tíì dé, ìgbàgbọ́ ni mo fi ń dúró dè é. Wọ́n wo ẹrù náà, wọ́n wo ojú mi.

"Ìyàwó katikíìsì," wọ́n ní, "Ọlọ́run tó bá fẹ́ gbé yín kúrò níbí, ṣé máṣíìnì tí ẹ tú ló máa dí i lọ́wọ́? Ẹ̀ ń bínú sí i ni, ẹ wá ń pè é ní ìgbàgbọ́."

Ojú tì mí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún mi rí. Kókó okùn náà ti le, ọbẹ ni mo fi gé e. Irin máṣíìnì ti ń dípẹtà, mo fi epo pa á. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, mo gé ìborùn funfun mi kún un. Ọmọbìnrin náà jókòó tì mí, ó ń bi mí ìdí tí mo fi gé ibí, ìdí tí mo fi ṣẹ́ ibẹ̀ po. Lọ́jọ́ Àìkú, ó rìn lọ síwájú bíṣọ́ọ̀bù, kọ́là rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kọ́là yẹn ni mo wò jálẹ̀ ìsìn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ọmọ náà gbé àpótí ìjókòó dé, ó ní òun wá kọ́ṣẹ́. Kí ìkórè tó dé, wọ́n ti di mẹ́fà láti abúlé mẹ́ta. Àwọn obìnrin ń gbé aṣọ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á tún fi iṣu lé owó iṣẹ́.

Nígbà tí ọdún kẹrin pé ni lẹ́tà dé. Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n gbé wa lọ, létí títì, níbi tí iná wà. Mo kà á tán, mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé èsì ààwẹ̀ rẹ kọ́ nìyí?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ mi ò bá Ọlọ́run jà lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti rí i pé Ẹni tó mú wa wá kò ṣì wá lọ́nà. Mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún àwọn tó ti mọṣẹ́, mo fa àwọn tó kù lé ọmọ-ọmọ ìyá ìjọ lọ́wọ́, a sì kó lọ.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, a padà síbẹ̀ lọ sìnkú ìyá ìjọ. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mẹ́ta ni mo kà kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ iṣẹ́ mi tàbí ọmọ iṣẹ́ wọn ló ni gbogbo wọn. Ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìn tì, dìde láti ka Bíbélì. Ọmọ kékeré kan níwájú mi bi ìyá rẹ̀ pé ta ni bàbá yẹn.

"Ọkọ Màmá Aránṣọ ni," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin gbáko ló fi wàásù níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ó jọ pé ìwọ ni Ọlọ́run rán níṣẹ́ nígbà yẹn," ó ní. "Èmi kàn sìn ọ́ débẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ. Mo ṣì máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo sì máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó béèrè ohunkóhun.