Ìbíkẹ́ Onígàrí àti Omi Tí Kò Gba Ènì

Ìbíkẹ́ Sàláwù ti ń ta gàrí ní Òkè-Àgbò fún ọdún mọ́kànlélógójì. Bó bá wọn kóńgò tán, tí gàrí ń ya lulẹ̀, yóò tún fi ọwọ́ bu ènì lé e. Ó ní ìwọ̀n tí kò ní ènì, ìwọ̀n ahun ni.

Ní àsìkò ọyẹ́, Muslimah, ọmọ ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni. Àwọn ará ilé ní eyín ló ń hù. Shukurat, ìyá ọmọ, kò gbà. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Abímbọ́lá ní kòkòrò àìfojúrí ló wọ inú ọmọ, kò sí oògùn tó ń pa á. Yóò lọ fúnra rẹ̀, bí omi ara ọmọ kò bá ti gbẹ. Ó fún un ní hóró síǹkì fún ọjọ́ mẹ́wàá, àti ìyẹ̀fun oníyọ̀ nínú àpò kéékèèké. Kó po àpò kan mọ́ omi inú ọ̀rá méjì fún ọmọ mu. Kó má sì já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Shukurat náà ń bì. Ó dùbúlẹ̀, ó ní kí Ìbíkẹ́, ìyá òun, bá òun po omi náà.

Ìbíkẹ́ da àpò kan sí i. Ó wò ó, ó kéré lójú rẹ̀. Ó da èkejì sí i, ó sì bu iyọ̀ ìdáná kún un.

Ọmọ mu ún, òùngbẹ túbọ̀ ń gbẹ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé kò jáde. Kò tọ̀ láti àárọ̀. Ìbíkẹ́ pọ̀n ọ́n, ó gbé ike omi náà dání, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Nọ́ọ̀sì tọ́ omi náà wò, ó tu ú dànù.

"Màmá, kí lẹ fi sí i?"

"Ènì ni, ọmọ mi. N kì í ṣahun sí ẹni tó ń ra gàrí, ṣé ọmọ ọmọ mi ni n ó wá ṣahun sí?"

"Bó bá ṣe gàrí ni, èmi náà á gba ènì. Eléyìí ò gbà á. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù, omi tó kù lára ọmọ ló máa fà jáde."

Ìbíkẹ́ rọra jókòó. "Ṣé mo ti pa á?"

Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ wò. "Ó ṣì ń gbé omi mì. Bí kò bá lè gbé e mì ni, ilé ìwòsàn ńlá ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Ẹ mú ṣíbí."

Wọ́n po òmíràn, wọ́n wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ìbíkẹ́ ń fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì, wọn á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun alásárì, nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn sí i nítan.

"Ó tọ̀ sí mi lára!" Ó kígbe bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ kú oríire aṣọ tútù o, Màmá. Abọ́ mélòó lẹ fi ń fọwọ́ nílé?"

"Ọ̀kan ni. Gbogbo wa la jọ ń fọ̀ ọ́ síbẹ̀."

"Ó jọ pé ibẹ̀ ni Shukurat ti kó o. Ọṣẹ ni kẹ́ ẹ máa fi fọwọ́ o, kẹ́ ẹ sì máa da omi sí ara yín lọ́wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ sínú abọ́ kan náà mọ́."

Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Muslimah ti ń sáré. Kẹ́tù omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́. Ìbíkẹ́ ṣì ń fún oníbàárà ní ènì, kò sì dín in kù. Ṣíbí ló fi ń bù ú báyìí, kì í ṣe ọwọ́.