Ọmọ Tí Mo Wọlé Lọ Wá ní Àgbówó

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n pè wá pé ilé kan ń jó ní Àgbówó. Mo ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ panápaná nígbà náà, mo sì ti ń rò pé kò sí irú iná tí mi ò tíì rí. Ááfà tó kọ́ mi ní kéwú ló ní kí n máa ṣe Bísímílááhì kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ ilé tó ń jó, mi ò sì gbàgbé rí. Ọjọ́ yẹn, inú ọkọ̀ ni mo ti ṣe é, ní Mọ́kọ́lá, níbi tí àwọn onítáksí ti kọ̀ tí wọn ò yà fún wa.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ìsàlẹ̀ ló ń jó, láti ilé ìdáná. Àwọn ayálégbé òkè ti sáré sọ̀ kalẹ̀, èrò sì ti kún ojú títì. A ò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tí ẹnu wọn fi dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dé nígbà tíná bá ti jẹun yó!"

"Ṣé omi wà nínú ọkọ̀ yín lónìí, àbí ìran lẹ wá wò?"

Omi wà. Ọ̀gá wa ní kí àwọn yòókù na rọ́bà omi, wọ́n sì ní kí èmi lọ wádìí bóyá ẹnì kan ṣì wà nínú ilé.

Ìyá àgbà kan jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó dojú kọ ilé náà. Àwọn ni wọ́n wà nílé nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ mìíràn wà lórí itan wọn, wọ́n ti fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀ nítorí èéfín, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ẹ kú ewu iná, mà. Àwọn mélòó ló wà nínú ilé?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ní kọ́ ẹ? A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

"Mo mọ̀, mà. Ìyá tèmi náà kì í kà wá. Ṣùgbọ́n iná ni, mà."

"Tó bá jẹ́ iná ńkọ́? Ṣé kí n wá máa ka ọmọ bí ẹni ń ka iṣu? Àwọn tèmi pé."

Mi ò jiyàn. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ò ní jiyàn ìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kúkú dárúkọ àwọn ọmọ náà. Wọ́n pe oríkì kan, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Wọ́n pe òmíràn, wọ́n fọwọ́ kan itan. Mo ti yíjú padà láti lọ sọ fún ọ̀gá pé ilé ti ṣófo, nígbà tí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì kígbe orúkọ ọmọbìnrin kan, orúkọ Mùsùlùmí. Ó ní ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹyin lọ́wọ́ òun wọlé ni, òun ò sì rí i kó jáde.

Mo bi ìyá àgbà pé ta nìyẹn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ìjẹta ni mo dé láti Ìsẹ́yìn. Bóyá ọmọ ará òkè ni."

Ará òkè ní kì í ṣe ọmọ òun. Ṣùgbọ́n èrò ti gbà á lẹ́nu obìnrin náà. "Ọmọ wà nínú ilé!" "Ọmọ méjì ni!" "Yàrá ẹ̀yìn ló wà, mo gbọ́ ohùn ẹ̀!" Gbogbo ojú títì ń pe orúkọ náà. Mi ò mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́. Mo so okùn mọ́ ìdí, mo wọ ìbòjú tó ń dènà èéfín, mo wọlé.

Ojú ò wúlò nínú èéfín. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ni pé ká fọwọ́ kan tọ ògiri, ká máa fi ìkejì wá ilẹ̀, nítorí ọmọdé kì í sá fún iná, ṣe ló máa ń sá pamọ́. Mo wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wá inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ kan àga kan, tàbí àga méjì tó jọra, títí dòní mi ò mọ̀. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ mi ba ohun kan tó rọ̀, tó sì gbóná. Mo fà á mọ́ra, mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kó jẹ́ kó ṣì máa mí, mo sì tọ okùn jáde.

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta. Ìrọ̀rí ni, wọ́n fi aṣọ wé e.

"Panápaná gba ìrọ̀rí là!" Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ò tètè yé mi. Mo ṣì ń yí ìrọ̀rí náà kiri, mò ń wá orí rẹ̀.

Nígbà tó yé mi, mo dìde láti padà wọlé. Ọ̀gá di okùn mi mú.

"Sílìn ti ń já bọ́. O ò padà síbẹ̀."

"Ọ̀gá, ọmọ wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́. O ò padà síbẹ̀."

Ibi tí a ti ń fa okùn náà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni obìnrin kan ti fò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo ilé, ó káwọ́ lórí, ó sì fi igbe pe orúkọ yẹn gan-an. Abẹ́ ìborùn ìyá àgbà ni ohùn kékeré kan ti dáhùn.

"Mọ́mì, kì í ṣe èmi ni mo tan gáàsì o."

Mùsùlùmí ni bàbá ọmọ náà, Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ tí bàbá sọ ọ́ ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé àti ládùúgbò. Ìyá àgbà, tó jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀, ò pe orúkọ náà rí láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Oríkì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti gbàgbé pé ó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọmọ náà ní tirẹ̀ gbọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ òun, ó gbà pé wọ́n fẹ́ na òun ni, ó sì ń wọnú ìborùn lọ.

"Ẹ ò wí pé òun lẹ̀ ń pè!" ni ìyá àgbà ń wí, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Mo sọ ọ́ sókè, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Síbẹ̀ inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tó ń bí mi nínú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ wa, mo bọ́ ìbòjú mi sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà fà á wá síwájú mi.

"Kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ bùrọ̀dá."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà." Ó wò mí títí, ó wo ìrọ̀rí tó wà nílẹ̀. "Kí lẹ ṣe, sà?"

Ọ̀gá ti ń pè mí sídìí rọ́bà omi, nítorí iná ti ń gun òkè. Mo sáré lọ, mo gbàgbé ìbòjú, mo sì padà wá mú un. Ó ṣì wà lórí eékún rẹ̀, ó ń retí èsì.