Bàbá Elijah Kò Tíì Jẹun

Àwọn ará Ìlógbò-Èkìtì kì í sọ̀rọ̀ olóògbé Bàbá Elijah kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un. Wọ́n ní ó gbá dókítà létí. Irọ́ ni. Fọlákẹ́mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà níbẹ̀. Ariwo lásán ni bàbá náà pa, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó jí òkú mọ́ṣúárì.

Nọ́ọ̀sì ti bi í pé, "Bàbá, ẹ ti jẹun?" Ó ní òun kò jẹun láti àná. Wọ́n ti gbé e sórí ibùsùn onítáyà tán kí Dókítà Dàpọ̀, tó fẹ́ fi oògùn kùn ún lóorun, tó tẹ̀ba sórí rẹ̀. Bàbá gùfẹ̀. Dókítà fa imú.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Uṣu sísun ni."

"Ẹ ṣáà ní ẹ ò jẹun!"

"Ìyẹn náà ṣe oúnjẹ? Ṣé ẹ rí iyán lẹ́nu mi ni?"

Inú bí Fọlákẹ́mi sí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà pòṣé, tó ní, "Ẹ̀yin ará oko yìí!", ìbínú náà yí sọ́dọ̀ dókítà.

"Ta ló sọ ìdí rẹ̀ fún un? Ẹ kàn ní kó má jẹun. Ṣebí gbogbo wa la ń yó sùn nílé!"

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní oorun yìí kì í ṣe irú tilé. Nílé, bí ènìyàn tilẹ̀ sùn, ọ̀fun rẹ̀ ń ṣọ́nà. Bí nǹkan bá ṣìnà níbẹ̀, yóò húkọ́. Oògùn yìí a máa kun ọ̀fun pàápàá lóorun. Bí oúnjẹ bá ru padà látinú ikùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ, onítọ̀hún sì lè kú.

Bàbá Elijah dìde jókòó. "Ohun tí í pani rèé, ẹ sì bi mí bí ẹni ń kí mi káàárọ̀? Ohun tó wọ ẹnu mi ni kẹ́ ẹ bèèrè!" Ó nawọ́ sí aláìsàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Stephen, kí ló wọ ẹnu tìrẹ?"

"Gààrì díẹ̀ ni, Bàbá. Òùngbẹ ni mo fi pa."

Wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sílé.

Nígbà tó padà lọ, tí wọ́n sì ṣe é, ó lajú, ó ń jágbe: "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, ilẹ̀ ń ṣú!" Wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. "Irọ́! Mo kàn ṣẹ́jú ni." Ó fọwọ́ kan ojú abẹ. "Yéè! Ẹ ti ṣe tán."

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, láti Ìlógbò dé Ayétòrò, tí bàbá kì í yọ sí láàárọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ pè é, kó bi í pé kí ló wọ ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn kan tún ń fi iṣu sísun rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Fọlákẹ́mi gbaná jẹ. "Ṣé òmùgọ̀ ni bàbá mi lójú yín ni?"

Obìnrin kan tó pọn ọmọ dìde láàárín wọn. "Àǹtí, ẹ má bínú. Janet ni mí, ará Ayétòrò. Láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fọ́mọ yìí, bàbá gba ife ògì lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á nù. Wọ́n pè mí ní apànìyàn lójú àwọn àna mi! Mo búra pé mi ò ní kí bàbá mọ́ láyé."

"Ṣé o padà kí i kó tó kú?"

Janet mi orí pé rárá. Omi ti dé ojú rẹ̀.

Fọlákẹ́mi fà á lọ́wọ́ lọ sídìí pósí. "Ó yá, kí i," ó ní. "Kò lè bú ọ mọ́."